Ẹyọ Kan Ló Dín

Ohun tí a bá wá lókè tí a kò rí, ilẹ̀ là ń wò. Ìdí nìyẹn tí Ninfa fi wà lábẹ́ ilé lọ́sàn-án Sátidé náà, lórí eékún àti ọwọ́ méjèèjì, nínú ẹrẹ̀ tí òjò pò, tó ń fi ìka túlẹ̀ bí adìẹ. Orí òpó ni ilé wọn ga sí, bíi ti gbogbo aládùúgbò wọn létí òkun erékùṣù Sámà. Ọparun tí wọ́n là ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, àlàfo sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ohun kékeré tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni nínú ilé, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ la ti ń lọ wá a.

Owó ẹyọ kan ló ń wá. Funfun ni, kò tó orí àtàńpàkò. Ó ti rí bọ́tìnnì aṣọ bàbá rẹ̀. Ó ti rí ṣíbí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ bá a jà nígbà Kérésìmesì. Kò rí ẹyọ.

Lókè orí rẹ̀, nínú aṣọ tí wọ́n so mọ́ igi àjà bí ibùsùn, àbúrò rẹ̀ ń mí. Omeng ni orúkọ ọmọ náà, oṣù mọ́kànlá ni. Kí ọmọ máa mí kì í ṣe ìròyìn, àmọ́ èémí yìí ní ohùn nínú. Bó bá fà á sínú, á dún fíìì, bí atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Bó bá tú u síta, á hó bí omi tó kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

"Jọ̀ọ́," ni Ninfa wí fún ẹrẹ̀. "Jọ̀ọ́, jẹ́ kó wà níbí."

Nítorí bí ẹyọ náà kò bá sí lábẹ́ ilé, ibì kan ṣoṣo ló kù.

Òjò ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láti ìdájí ló ti ń rọ̀. Delia, ìyá Ninfa, ti gbé agboòrùn lọ sí ilé olówó kan láàárín ìlú, níbi tó ti ń bá wọn fọ aṣọ. Bàbá wọn wà lójú òkun, lórí ọkọ̀ apẹja ńlá. Ó wá ku Ninfa, Omeng àti ìyá bàbá wọn, Sabel, tí wọ́n ń pè ní Lola, ìyẹn ìyá àgbà, nínú ilé.

"Gbé ọpọ́n wá," ni Lola Sabel wí.

Ninfa wo òjò, ó wo ìyá àgbà. "Nínú ilé, Lola?"

Ó yẹ kó béèrè. Ọpọ́n sungka kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ọpọ́n ayò: ilé méje níwájú ẹnì kan, ilé méje níwájú èkejì, ẹyọ méje-méje nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àti ilé ńlá kan létí ọpọ́n fún oníkálukú láti kó èrè sí. Abẹ́ igi la ti ń ta á. Ẹni tó bá ta á lábẹ́ òrùlé, wọ́n ní yálà kí ilé náà jóná tàbí kí ẹnì kan kú níbẹ̀, kò sì sí ọmọ tó dàgbà ní etí òkun yẹn tí wọn kò tí ì fi ọ̀rọ̀ yìí lé jáde síta rí.

"Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò ẹ," ni Lola Sabel dáhùn. "Ṣé òjò ló máa bá ẹ ṣe é ni? Ọlọ́run ò ní fi òjò sé wa mọ́lé kó tún fi sungka pa wá. Gbé e wá. Bí ìyá ẹ bá bi ẹ́, abẹ́ igi máńgòrò la ti ta á."

Ìdánwò ọjọ́ Ajé yẹn ni egbò tó wà nílé náà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tíṣà pe àwọn òbí jọ, ó ka orúkọ ọmọ mẹ́sàn-án tí kò mọ ìṣirò, ó kà á sókè bí ìgbà tí wọ́n ń ka orúkọ ọ̀daràn ní kóòtù, ó sì lẹ ìwé náà mọ́ ògiri. Ninfa ni ẹnì kẹta. Àwọn ìyá tó kù wo Delia láti orí dé bàtà. Láti ọjọ́ náà, bó bá di ìrọ̀lẹ́, Delia a da munggo sórí atẹ, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tó le bí ọta. Ninfa a kúnlẹ̀ lé e, a na ọwọ́ méjèèjì síta, a máa dáhùn. Méje lé márùn-ún. Mẹ́sàn-án, yọ mẹ́rin kúrò. Bó bá ṣì í, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún méje. Eékún rẹ̀ ti dá ihò wẹ́wẹ́ bí ara ajere.

"Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn," ni Delia máa ń wí. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló wá mọ̀ níkẹyìn.

Lórí ọpọ́n ṣá, ọmọ mìíràn ni Ninfa.

"Bí mo bá gbé ilé yìí," ni Lola Sabel á wí, ọwọ́ rẹ̀ á sì dúró lókè ẹyọ, "níbo ni èyí tó kẹ́yìn máa já sí?"

"Nínú ilé mi kẹta, Lola. Màá sì jẹ yín."

"Ọmọ olè! Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo wò ó ni."

Lola Sabel á rẹ́rìn-ín títí àwọn eyín mẹ́rin tó kù sí i lẹ́nu á fi yọ tán. Kò pè é ní ìṣirò rí. Ó mọ̀ pé bí òun bá pè é bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Nígbà tí òjò dáwọ́ díẹ̀, wọ́n wá pe ìyá àgbà sí àdúrà ọjọ́ kẹsàn-án òkú kan lódìkejì odò. Ayò kò tíì tán. Ó gbé ìborùn, ó ní kí Ninfa kó ẹyọ sínú agolo, kó fún Omeng ní lugaw, kó má sì jẹ́ kó sún mọ́ àtẹ̀gùn. Ninfa lọ bu lugaw náà nínú ìkòkò, ìrẹsì tí wọ́n ti sè títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ. Kò pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, Omeng ti rá dé orí ọpọ́n, ẹyọ kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì sí ohùn kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wú ikọ́. Lẹ́yìn náà ó ké, igbe náà sì há bí ti arúgbó.

Ninfa pọ̀n ọ́n, ó jó fún un, ó nu itọ́ ẹnu rẹ̀. Itọ́ náà kò dáwọ́ dúró. Ó kó ẹyọ jọ ní méje-méje bí Lola ṣe kọ́ ọ. Ilé mẹ́tàlá pé. Èyí tó kẹ́yìn, mẹ́fà. Ó tú u, ó tún un kà. Mẹ́fà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń sunkún, ó ṣì jẹ́ mẹ́fà.

"Ta ló wà lábẹ́ ilé yẹn? Ninfa! Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ lo wá fi ṣe ọ̀rẹ́?"

Delia ti dé. Ó so ẹja kékeré mẹ́ta mọ́ okùn kan lọ́wọ́, ọṣẹ ti jẹ ìka rẹ̀ funfun. Ó gun àtẹ̀gùn, ó ń kùn nípa ẹrẹ̀ ara ọmọ náà àti aṣọ tí kò sí ẹlòmíì tó máa fọ̀ ọ́ àfi òun. Ó wọlé. Kíkùn náà dáwọ́ dúró bí ẹni pa iná.

"Ninfa."

Kò pariwo. Ìyẹn ló ba ọmọ náà lẹ́rù jù.

Nígbà tí Ninfa fi gòkè, ìyá rẹ̀ ti yọ Omeng kúrò nínú aṣọ àsorọ̀, ó ti gbé ọmú sí i lẹ́nu. Omeng fà á lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú sílẹ̀, wàrà náà sì gba imú rẹ̀ jáde. Gbogbo àyà rẹ̀ tutù fún itọ́. Fíìì, ni èémí rẹ̀ ń dún.

"Kí lo fún un jẹ?"

"Lugaw, Mama."

"Lugaw nìkan?"

Ninfa wo ilẹ̀. Atẹ ẹ̀wà wà lára ògiri, ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

"Mo ní ṣé lugaw nìkan ni! Àbí o fi ẹja sí i?"

Ìbéèrè yìí dà bí ilẹ̀kùn tí ẹnì kan dédé ṣí fún un. Ó mọ̀ pé irọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Egungun! Egungun ẹja ló há a lọ́fun! Ẹ gbà mí o!"

Igbe yẹn kò tíì dé ojú ọ̀nà tí Manang Charing fi wọlé. Aládùúgbò wọn ni, obìnrin tí etí rẹ̀ kì í jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn obìnrin méjì mìíràn, wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n yọjú lójú fèrèsé, omi òjò ń kán lára wọn.

"Dojú ẹ̀ délẹ̀, Delia. Gbá a lẹ́yìn. Mo ti sọ fún ẹ, ọmọ kì í tọ́ ọmọ."

"Kí ni ǹ bá ṣe, Manang? Kí n pọ̀n ọ́n lọ síbi aṣọ fífọ̀?"

"Ìyá ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n lọ síbi àdúrà òkú."

"Háà. Alààyè ń wá ẹni tó máa wò ó, Sabel lọ ń wo òkú."

Delia gbá ọmọ náà lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí ohun tó jáde àfi itọ́. Ó ní bóyá kí àwọn gbé e lọ sí ọsibítù. Manang Charing yọ ṣùtì. "Nítorí egungun? Wọ́n á gbowó káàdì lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á ní kó o jókòó, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ẹ níbẹ̀. Ẹ lọ pe Mang Pidyong."

Ẹsẹ̀ ni Mang Pidyong fi wáyé. Nílẹ̀ Yorùbá, Ìgè là bá pè é. Níbẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá wáyé bẹ́ẹ̀, bó bá fi ọwọ́ ra ọrùn ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun, egungun náà á sọ̀kalẹ̀. Kò gba owó rí, kò sì kọ ìpè rí. Ó bọ́ bàtà sí ìdí àtẹ̀gùn, ó wọlé, ó ní kí wọ́n fún òun ní òróró àgbọn. Àgbà ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó da òróró sí ọwọ́, ó gbé àtàńpàkò lé ọ̀nà ọ̀fun Omeng, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wálẹ̀. Lókè wá sísàlẹ̀. Lókè wá sísàlẹ̀.

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ètè Omeng yí dúdú díẹ̀. Fíìì tí ń dún tẹ́lẹ̀ di ohùn tó gùn tó sì tín-ín-rín. Ojú rẹ̀ ń wá ìyá rẹ̀ kiri nínú ilé, bẹ́ẹ̀ orí itan ìyá rẹ̀ ló wà.

"Ó ń sọ̀kalẹ̀," ni Manang Charing wí.

Ninfa fara ti ògiri. Ó mọ̀ pé ẹyọ kì í ṣe egungun. Ẹyọ ní ikùn, ó ní eyín wẹ́wẹ́ létí ẹnu rẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀, ó ń rí i bí àtàńpàkò Mang Pidyong ṣe ń tì í wọ inú ibi tó há. Òun ló sọ pé ẹja ni. Bó bá sọ òótọ́ báyìí, wọ́n á bi í pé kí ló dé tó purọ́, wọ́n á bi í pé níbo ni wọ́n ti ta ayò, wọ́n á mọ̀ pé Lola náà purọ́. Lẹ́yìn náà, atẹ. Kì í ṣe fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Bóyá títí di ìgbà tí òun máa dàgbà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti há òun náà lọ́fun.

"Ẹ bá mi mú ìrẹsì àná wá," ni Mang Pidyong wí. "Ẹ fún un pọ̀ kó ki. Bó bá gbé e mì, á tì í lọ sísàlẹ̀."

Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ kúrò lójú fèrèsé, ó mú un wá. Mang Pidyong fún ìrẹsì náà mọ́ra, ó tó ẹyin àparò.

"Kì í ṣe egungun," ni Ninfa wí.

Kò sí ẹni tó gbọ́. Òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

"Kì í ṣe egungun! Ẹyọ ni! Ẹyọ sungka!"

Ọwọ́ Mang Pidyong dúró.

"Àgbà ń ṣe nǹkan, ìwọ ń sọ ìsọkúsọ," ni Manang Charing wí.

"Ẹyọ kan ló dín. Mo kà á. Ó pé láàárọ̀, báyìí ó dín ní ọ̀kan."

"Ta ló kà á?" Delia bi í, ojú rẹ̀ wà lára Omeng.

"Èmi ni, Mama."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé, ó sì tètè gbé e mì.

"Ìwọ," ni Delia wí. "Ìwọ tí o ò mọ méje lé márùn-ún. Ìwọ lo ka ẹyọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún?"

"Á ti bọ́ sábẹ́ ilé," ni Manang Charing wí. "Ilẹ̀ ọparun ni. Irú ẹ̀ mélòó ló ti bọ́ tèmi?"

"Mo ti wá a. Mo wá gbogbo abẹ́ ilé."

"Dúró ná," ni Manang Charing wí. "Kí ló dé tó fi máa bọ́ sábẹ́ ilé? Níbo lẹ ti ta á?"

Ẹni tó bá ti kó sómi dé ọrùn, kí ló tún kù tó ń yẹra fún? "Nínú ilé," ni Ninfa wí. "Èmi àti Lola. Òjò ń rọ̀."

Bí wọ́n bá ju ejò sáàárín wọn, ariwo rẹ̀ kò ní tó báyẹn. Àwọn tó wà lójú fèrèsé bọ́ sẹ́yìn kúrò lára ilé náà. Manang Charing ṣe àmì àgbélébùú lẹ́ẹ̀mejì. "Nínú ilé! Ẹ fọwọ́ ara yín pe ikú wọlé, ẹ wá ń wá egungun! Ọpọ́n náà dà? Ẹ gbé e síta ká dáná sun ún kí ọmọ yìí tó lọ!" Ó sì na ọwọ́ sí ọpọ́n níbi tó wà lábẹ́ tábìlì.

Ninfa ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó wọ́ ọ sí àárín ilé, ó da agolo sílẹ̀, ẹyọ sì tú ká. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sínú ilé wọn. Kò kà wọ́n sókè, ọwọ́ rẹ̀ ló ń kà wọ́n: mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin.

"Ọmọ yìí ti ya wèrè! Àbúrò ẹ̀ ń kú lọ, ó ń ta ayò!"

"Ninfa, mo ní kó o fi í sílẹ̀!"

Delia ti gbé ọwọ́ sókè. Ninfa rí ọwọ́ náà. Ó di ojú, ó fa ọrùn wọ èjìká, àmọ́ ìka rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Mẹ́ta, mẹ́rin. Ìlà ti ìyá àgbà pé. Ó bọ́ sí ìlà tirẹ̀. Ilé kan, ilé méjì, ilé márùn-ún, ilé mẹ́fà. Ó fi ojú dídì wá ilẹ̀ kiri ká ọpọ́n, ó rí mẹ́fà, ó kó wọn sínú èyí tó kẹ́yìn. Ó tún wá ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan mọ́. Nígbà náà ló la ojú, ó sún sẹ́yìn kí ìyá rẹ̀ lè rí i.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Delia kì í ṣe ẹni tó mọ ìwé, àmọ́ orí ọpọ́n bẹ́ẹ̀ lòun náà ti dàgbà. Kò sí ẹni tó máa jókòó sídìí ilé mẹ́rìnlá tí kò ní mọ èyí tó ṣe àbùkù. Ojú rẹ̀ lọ tààrà síbẹ̀. Ó wo ibẹ̀. Ó wo Omeng. Fíìì.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó gba ìrẹsì kúrò lọ́wọ́ Mang Pidyong, ó jù ú gba ojú fèrèsé.

Mang Pidyong nu òróró sára ṣòkòtò. "Egungun nìkan ni mo mọ̀, Delia," ni ó wí. "Mi ò mọ ẹyọ. Gbé ọmọ ẹ. Má dúró bú ẹnikẹ́ni. Sáré."

Manang Charing yìí kan náà ló yọ orí sójú fèrèsé tó ké mọ́ ọkọ rẹ̀. "Nonoy! Kẹ̀kẹ́! Bó o bá ń jẹun, tu ú dànù!" Òun náà ló gbé agboòrùn bo ọmọ dé ìdí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, òjò ń pa á, ó ń gbàdúrà, ó ń ṣépè fún sungka, gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú èémí kan.

Omi ti bo ọ̀nà. Nonoy ń wa kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni ń tu ọkọ̀. Ninfa jókòó ti ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń ka ìró èémí Omeng. Bí àlàfo bá gùn láàárín méjì, tirẹ̀ náà á dúró títí òmíràn á fi dún. Níwájú afárá, wọ́n bá Lola Sabel tó ń bọ̀, tó ká yẹ̀rì dé orúnkún. Nonoy tẹ bíréèkì. Ìyá àgbà wo inú kẹ̀kẹ́, kò béèrè nǹkan kan, ó wọlé.

"Mo ti sọ fún wọn pé nínú ilé ni," ni Ninfa wí.

Lola Sabel wo ọ̀nà. Ó wo ọ̀nà títí wọ́n fi dé ọsibítù.

Níbẹ̀, iná ti lọ láti àárọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì nígbà tí nọ́ọ̀sì sáré lọ pe dókítà. Bẹ́ǹṣì náà ni ìjà ti bẹ́.

"Mo bẹ̀ yín, Nanay," ni Delia wí. "Mo ní kẹ́ ẹ má ta á nínú ilé. Mo ní kẹ́ ẹ má kọ́ ọmọ mi ní irọ́."

"Irọ́? Èmi lo ní mo kọ́ ọ nírọ́? Kí ló ń bẹ̀rù tó fi purọ́? Ṣé ọwọ́ mi ni?"

"Ẹni tí ò mọ ìṣirò ni wọ́n ń rẹ́ jẹ! Èmi ni wọ́n ń rẹ́ jẹ lójoojúmọ́, ẹ ò rí i ni? Mi ò fẹ́ kó dà bíi tèmi!"

"O wá ń gbin ẹ̀wà sí i léékún. Ó dáa. Jẹ́ ká máa wò ó bóyá á hù."

Omeng mí, ó dúró. Wọ́n gbàgbé ìjà. Ó tún mí.

Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, irun rẹ̀ ṣì tutù fún òjò. Ó gbọ́ èémí ọmọ náà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì yí ìrìn padà di eré. Wọ́n fi aṣọ wé Omeng pinpin. Nọ́ọ̀sì mú orí, Delia di ẹsẹ̀ mú, Lola Sabel di tọ́ọ̀ṣì mú. Kò sí ẹni tó rántí lé Ninfa síta.

"Kí ló gbé mì?"

"Owó ẹyọ," ni Delia wí.

"Ẹyọ kan ni, àbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Delia yíjú sí Lola Sabel.

"Ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀rọ tí à bá fi yàwòrán inú ẹ̀ ò ṣiṣẹ́, iná ò sí. Bí mo bá yọ ọ̀kan, tí òmíràn sì wà nísàlẹ̀, mo ní láti fi irin wá a lọ síbẹ̀, ọ̀fun ẹ̀ sì ti wú. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ọ̀kan ni àbí méjì?"

"Mi ò sí nílé," ni Delia wí.

Lola Sabel gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ Omeng. "Èmi náà ti lọ."

"Ọ̀kan ni," ni Ninfa wí.

Dókítà wo ìsàlẹ̀, ó rí ọmọ kan tí ẹrẹ̀ bò dé itan. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ninfa kò mọ̀ bóyá òun mọ̀. Ilé dókítà dà bí ilé ìwé: ògiri funfun, ẹni tó dúró, ìbéèrè. Bó bá ṣì í ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ilé kan ti dín láti àárọ̀ tí òun kò rí i? Ó di ojú. Ó wá ọpọ́n náà nínú òkùnkùn, ó rí ọwọ́ Lola tó ń pín ẹyọ, ó rí ọwọ́ tirẹ̀. Mẹ́ta, mẹ́rin. Mẹ́ta, mẹ́rin. Kò sí ilé kankan tó dín.

"Méje-méje nínú ilé mẹ́rìnlá la kó láàárọ̀," ni ó wí. "Ó pé. Nígbà tí mo kà á tán, mẹ́tàlá ló pé. Ìkẹrìnlá jẹ́ mẹ́fà. Ọ̀kan ni."

Dókítà náà gbé ojú sókè sí Delia. Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni ń béèrè ohun tó rọrùn: "Ìyá Omeng, ṣé ọmọ yìí mọ ìṣirò? Ṣé kí n gbà á gbọ́?"

Òjò ń lu páánù. Delia wo ọmọ rẹ̀ obìnrin. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì wọ̀nyẹn wà láàárín wọn, àwọn méjèèjì nìkan ló sì rí i.

"Ó mọ̀ ọ́n," ni Delia wí. "Ẹ gbà á gbọ́. Ó mọ̀ ọ́n."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Dókítà fi irin pẹlẹbẹ gbé ahọ́n Omeng, ó ní kí wọ́n sún iná mọ́ ọn, ó ti ẹ̀mú gígùn bọ ọ̀fun. Ó bá a. Ó yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Omeng kò mí mọ́. Kò dún fíìì, kò dún nǹkan kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà títa náà ń rọ̀. Ninfa fẹ́ ka iye ìgbà tí kò mí, kò lè kà á. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, kò sí nọ́ńbà kankan nínú orí rẹ̀.

"Ẹ má mira," ni dókítà wí, ó tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Nǹkan kan dún nínú abọ́ irin.

Ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà Omeng fa èémí kan tó gùn bí ẹni jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, ó sì ké, igbe gidi, igbe ọmọ tí inú ń bí. Nọ́ọ̀sì náà ń rẹ́rìn-ín, omijé wà lójú rẹ̀. Dókítà gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sí i láyà ní ọ̀tún, ó gbé e sí òsì, ó gbọ́, ó tún gbọ́. Ẹ̀mú wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ó wo Ninfa. Ó gbé ẹ̀mú náà kalẹ̀.

"Ọ̀kan ni," ni ó wí.

Lola Sabel jókòó sórí ilẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ṣì ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀. Delia gbé Omeng lé èjìká, ọmọ náà ń ké mọ́ ọn létí, kò sì bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ó yíjú sí Ninfa. Ó bá na ọwọ́ kejì sí i.

Ninfa rí ọwọ́ tó ń bọ̀. Ó ká orí mọ́ àyà, ó gbé apá méjèèjì bo orí, ó sì wó mọ́ ara ògiri.

Dókítà yíjú sí abọ́ irin rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tí kò sí ẹni tó ní kó ká. Ọwọ́ Delia wà lókè níbẹ̀, ó funfun fún ọṣẹ, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún ni Delia nà sí i. Ọmọ náà kò mọ ìyàtọ̀.